Òtútù Lé Wa Wálé: Ọbáńtokò Lásìkò Ọyẹ́

Ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́ràn jù láti fi wọ Abẹ́òkúta. Bàálù a gbé èèyàn nínú òtútù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, a sọ ọ́ sínú ooru Ìkẹjà lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀, ara ò sì ní tíì gba ohun tí ojú ń rí gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ṣí ní Alágómejì, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ hàn mí díẹ̀díẹ̀: Agége, Àgbádó, Kájọlà, Papalántò tí wọ́n fi orúkọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pe ibùdókọ̀ rẹ̀, títí a ó fi dúró ní Làdèrín, tí orúkọ Wọlé Ṣóyínká wà níwájú ilé. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin náà, kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn. Kí ó tó di ìgbà náà, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Ọ̀tà là ń jókòó sí, orúnkún ọkọ mi á sì ti wú kí a tó fojú kan Òkè Olúmọ.

Lẹ́yìn Papalántò ni mo rí ọyẹ́. Oòrùn ti yọ tipẹ́, àmọ́ ó funfun báláú, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn kí ojú má dùn ún. Eruku tó bo ojú ọ̀run yẹn, aṣálẹ̀ ló ti wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì; afẹ́fẹ́ ló ń gbé e gba orí ilẹ̀ Haúsá kọjá wá bá wa. Koríko ti gbẹ lẹ́bàá ojú irin, wọ́n ti dáná sun igbó níbòmíràn, eérú sì ń fò lẹ́yìn ọkọ̀. Ètè mi ti ń fà kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Mo bu òrí sí i, mo sì bu díẹ̀ fún ọkọ mi.

Àwa tí à ń lọ tí à ń bọ̀ báyìí ti pọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi wa bọ́ọ̀sì. Peckham là ń gbé. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin, ẹ ó rí wa ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn àgbàlagbà tí irun wọn ti funfun, tí wọ́n ti wọn àpótí nílé títí kò fi kọjá kílò 23, tí wọ́n tún ń ṣí i, tí wọ́n ń yọ àpò tíì kan kúrò, tí wọ́n ń dá a padà. Òtútù là ń sá fún. Láàárín oṣù Kejìlá, ojúmọ́ kì í pé wákàtí mẹ́jọ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀. Àgbàlagbà tí kò níbi iṣẹ́ lọ mọ́ á ká ara rẹ̀ mọ́ yàrá kan ṣoṣo tí owó gáàsì rẹ̀ ká a. Mo ti tọ́jú irú wọn ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà òtútù ni àyà máa ń di wọ́n, ìgbà òtútù ni wọ́n ń yọ̀ ṣubú lórí yìnyín tí ìbàdí fi ń kán. Mo rí i tó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀ wálé.

Àwọn ẹbí máa ń béèrè pé kí ló dé tí a ò kúkú kó wálé pátápátá. Owó ìfẹ̀yìntì ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó wá kó wá gbé Nàìjíríà títí ayé, iye tó ń gbà lọ́jọ́ tó kó wá ni yóò máa gbà lọ. Àfikún ọdọọdún tí àwọn tó wà lọ́hùn-ún ń rí kò ní kàn án. Ẹni tó bá kó lọ sí Jàmáíkà tàbí Amẹ́ríkà ń gba àfikún tirẹ̀. Ó dùn mí gan-an ni, torí bákan náà ni wọ́n ṣe ń yọ owó lára owó oṣù gbogbo wa. Dókítà ni ìdáhùn kejì, àwọn ọmọ-ọmọ ni ìkẹta. Nítorí náà, a ní ilé méjì, a sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ó ṣe máa mú méjèèjì dúró.

Bàbá Ìbejì, ẹni tó ń ṣọ́ ilé wa ní Ọbáńtokò, ní Abẹ́òkúta, ti ṣí gẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbayawu kí takisí wa tó yà wọ àdúgbò. Ọmọ Kétu ni, láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá rẹ̀ sì ní adùn kan tó ń mú kí n máa bi í léèrè ohun tí mo ti gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀.

“Ẹ kú àbọ̀, Mọ́mì. Dádì, ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà.”

“Ewu iná kì í pa àwòdì o. Ilé ń kọ́? Àwọn ìbejì mi dà?”

“Wọ́n lọ pọnmi mà. Ẹ jẹ́ n gba báàgì lọ́wọ́ yín.”

Àwọn ìbejì yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú korobá lórí. Wọ́n ti ga débi pé Táíwò gùn dé èjìká mi. Pọnmi tí wọ́n lọ pọnmi yẹn ti sọ ìròyìn kan fún mi, ṣùgbọ́n n kò tíì béèrè.

Mo ní kí ó má tíì gbé ẹrù wọlé. Mo fẹ́ kọ́kọ́ rìn yí ilé ká kí oòrùn tó rọ̀. Bí mo ṣe máa ń gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ àwọn tó ṣe iṣẹ́ òru, tí n óò yẹ aláìsàn kọ̀ọ̀kan wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí n tó buwọ́ lùwé, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń gba ilé yìí. Òrùlé ni mo kọ́kọ́ gbójú sókè wò. Páànù ti ń dípẹtà níbi tí wọ́n ti fi ìṣó kàn án mọ́ igi, ibẹ̀ sì ni òjò máa ń bá wọlé. Bàbá Ìbejì ti fi ọ̀dà dí ojú ìṣó mẹ́rin ní oṣù Kẹwàá. Ó fi ọwọ́ hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Nínú ilé, àbàwọ́n omi kan wà lára sílíìnì pálọ̀, àmọ́ ó ti gbẹ. Ti ọdún tó kọjá ni. Mo mọ̀ ọ́n.

Pálọ̀ ń rùn bíi pálọ̀ tí wọn kì í ṣí. Aṣọ funfun tí mo fi bo àga ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Ọmọńlé ti yàgbẹ́ sí ẹ̀yìn fèrèsé, aláǹtakùn ti fi òwú so àwòrán ìgbéyàwó wa pọ̀ mọ́ kálẹ́ńdà ìjọ. Gbogbo ìwọ̀nyí kò tó nǹkan. Ìgbálẹ̀ àti omi ọṣẹ á kápá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún ọmọ wa ọkùnrin, tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí.

Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́dúróòbù dúró sí àyè rẹ̀, ojú pákó ń dán, ọ̀dà orí rẹ̀ pé. Mo fi ìka kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dún gbogboro. Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, àtàǹpàkò náà wọlé lọ. Kò sí pákó nínú pákó mọ́. Ohun tó kù ni awọ ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, lẹ́yìn rẹ̀ erùpẹ̀ pupa tó ṣì tutù, àti ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ikán funfun ń sáré padà sínú rẹ̀ torí pé ìmọ́lẹ̀ kàn wọ́n. Ikán kì í rìn ní gbangba. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi itọ́ pò ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà tó ní òrùlé, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. A tọ ọ̀nà yẹn láti ẹ̀yìn wọ́dúróòbù, ó gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀, kò fẹ̀ ju ìka ọmọdé lọ, títí ó fi wọ ibi tí símẹ́ǹtì ti sán lẹ́nu ọ̀nà. Páálí ìwé ọmọ wa tó wà nísàlẹ̀ wọ́dúróòbù ti di ìdajì. Ìwé ìṣirò rẹ̀ láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ṣẹ́ kù lókè, etí rẹ̀ ti di erùpẹ̀.

Mo jáde, mo ṣí yàrá tó kángun sí i. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Ó ń kàwé ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988. Ọ̀nà Alábàtà kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé àdúgbò wa. Kò sí ikán kankan nínú yàrá rẹ̀. Ilẹ̀ kan náà, ògiri kan náà, pákó tí kápẹ́ńtà kan náà rà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ń gbálẹ̀, tó ń ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń wá bàtà nísàlẹ̀ wọ́dúróòbù, ojú rẹ̀ á kan ọ̀nà ikán lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìgbálẹ̀ á sì bà á jẹ́ kí wọ́n tó dé ibi pákó. Ohun tí mo ní láti sọ nípa ilé ìgbà òtútù kò ju èyí lọ: èèyàn ni oògùn ilé. Símẹ́ǹtì tó le, gẹ́ẹ̀tì tó ga, waya tó ní ẹ̀gún lórí fẹ́ǹsì, kò sí èyí tó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan tó ń sùn nínú yàrá ń ṣe.

Ilé ìwẹ̀ òkè fi èyí hàn lọ́nà mìíràn. Omi díẹ̀ máa ń dúró sínú ọ̀nà ọ̀fun tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti ti ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ. Omi yẹn ló dí òórùn àti aáyán mọ́ inú sokàwéè. Bí a bá ti ilé fún oṣù mélòó kan nínú ọyẹ́, omi náà á gbẹ, ọ̀nà á ṣí sílẹ̀, aáyán á sì gba ibẹ̀ wọlé lóru. Èyí tó wá ń bí mi nínú ni pé ìṣẹ́jú méjì péré ni iṣẹ́ yìí gbà: kí ẹnì kan gòkè lọ lọ́ṣọọ̀ṣẹ̀, kí ó da ife omi kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi omi ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ìbejì ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn tó bá ti fọṣọ. Kò sí aáyán kan níbẹ̀ nígbà tí mo tan iná.

Fíríjì náà dára, torí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, a fi àkísà há a kó má padé. Ẹni tó bá pa fíríjì tó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó ti sọ ọ́ di oko olú.

Mo wá béèrè ọ̀rọ̀ omi.

“Kànga ti fà, Mọ́mì,” ni Bàbá Ìbejì wí. “Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdajì korobá ló ń gbé. Àárọ̀ kùtù nìkan ló ń sun dáadáa.”

Inú oṣù Kejìlá là ń sọ yìí o, ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì dé ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú wa rí. Àpáta tó gba àwọn baba ńlá wa sábẹ́ nígbà tí Ṣódẹkẹ́, aṣáájú Ẹ̀gbá, kó wọn débẹ̀ ní 1830, òun náà ló ń fi omi dù wá. Ẹni tó gbẹ́ kànga ní Abẹ́òkúta mọ ohùn tí dígà máa ń ké tó bá kan òkúta. Omi tó wà fún wa ni èyí tó ń gba inú erùpẹ̀ orí àpáta kọjá àti èyí tó ń gba inú àpáta níbi tó ti sán; bí òjò bá dáwọ́ dúró, orísun méjèèjì á máa fà. Aládùúgbò wa fi ẹ̀rọ gbẹ́ tirẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n kan ibi tó sán, ó ń rómi títí òjò fi ń padà. Lẹ́yìn ògiri, ẹlòmíràn gbẹ́ tirẹ̀, owó rẹ̀ ṣòfò. Tánkì tó wà lórí òpó irin lẹ́yìn ilé wa ṣì ní omi tó lé ní ìlàjì, torí Bàbá Ìbejì ti ń fi omi kànga pamọ́ sínú rẹ̀ láti oṣù kọkànlá dè wá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ pọn ti wọn ní òpópónà kejì. Èyí ni mo fi rántí korobá tó wà lórí àwọn ìbejì. Mo sọ fún un pé omi inú tánkì jẹ́ ti gbogbo wa, bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà, kí ìyá wọn wá bu tirẹ̀.

Iná ni ọkọ mi ń bójú tó. Ó ti wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń wo bátìrì. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí epo bẹntiróòlù fò ré kọjá ibi tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù tó, ariwo jẹnẹrétọ̀ ti rọlẹ̀ gan-an ní àdúgbò wa. Ẹni tó bá ní agbára ti gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé. Àwa náà gbé e. Ọyẹ́ sì ni ọ̀tá rẹ̀: eruku tí mo rí nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn ń bà sórí pánẹ́ẹ̀lì, kò jẹ́ kí oòrùn dé inú rẹ̀. Bí a kò bá nù ún, bátìrì kò ní kún, bátìrì tó bá sì ń wà láìkún lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú, pàápàá irú èyí tí à ń fi omi sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń gun àkàbà lọ nù ún pẹ̀lú aṣọ tútù ní ìdájí, kí oòrùn tó mú un gbóná. Òun náà ló ń kàwé lábẹ́ iná rẹ̀ lóru. Ohun tí èèyàn ń lò ló ń tọ́jú.

Jẹnẹrétọ̀ ṣì wà nínú ilé kékeré rẹ̀. Wọ́n ń tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí epo má baà di gọ́ọ̀mù nínú rẹ̀.

Kí alẹ́ tó lẹ́, mo jáde sí ẹnu gẹ́ẹ̀tì, mo wo ilé tó dojú kọ tiwa. Ẹni tó ni ín wà ní ìlú òkèèrè, n kò ní sọ ibẹ̀. Ilé alájà kan ni, ó ní òpó ńlá mẹ́rin níwájú, ojú fèrèsé rẹ̀ jẹ́ dígí aláwọ̀ dúdú, ó sì dára púpọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i tí a jọ jẹ ìrẹsì níbẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé inú rẹ̀. Ó ní wọ́n á bà á jẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ńlá sẹ́nu gẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń gbé Ìbarà máa wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n náà ti darúgbó. Báyìí, igi ọ̀pọ̀tọ́ ti hù lára ògiri òkè, gbòǹgbò rẹ̀ ti ya símẹ́ǹtì. Àdán ń jáde lábẹ́ òrùlé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pọ̀ débi pé àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dúró wò wọ́n. Wọ́n ti yọ waya iná àti ẹ̀rọ omi lọ, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti gbé àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì pàápàá. Ọ̀rẹ́ wa ni onílé yìí. Ó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ òru láti kọ́ ọ, búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ìdílé kan wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má tilẹ̀ sanwó. N óò tún bẹ̀ ẹ́.

Irú ilé wọ̀nyẹn pọ̀ ní Ọbáńtokò, wọ́n pọ̀ ní Àsérò àti Ìdí-Abà. Bí àwọn ẹgbẹ́ wa ṣe kọ́ wọn nìyẹn ní ọdún 1990 sí 2000: a ra ilẹ̀, a fi owó ránṣẹ́ fún ìpìlẹ̀, a dúró, a tún fi ránṣẹ́, wọ́n gbé e dé lẹ́ntù, a dúró, ọdún dẹ́kíǹ yàtọ̀, ọdún páànù yàtọ̀. Yàrá mẹ́fà ni gbogbo wa ń yà, torí a gbà pé àwọn ọmọ á máa wá lo Kérésì. Àwọn ọmọ ti ní iṣẹ́ tiwọn, wọ́n ní ọmọ tó ń lọ síléèwé, owó bàálù oṣù Kejìlá sì ń ga ju ti oṣù yòókù lọ. Wọ́n ń wá nígbà ìnáwó, nígbà òkú. Yàrá ló ń dúró dè wọ́n.

Lóru ọjọ́ tí a dé, mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo bẹ́ẹ̀dì kí n tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń bá àwọn ará ìjọ wa ní Peckham jà lé lórí. Ẹ ò rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí ibà ń gbé dé ilé ìwòsàn ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àwọn tó wá kí ẹbí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Wọ́n á ní, “Ibà wo? Ibi tí wọ́n ti bí mi!” Agbára tí ara fi ń bá ibà jà máa ń dín kù tí èèyàn bá ti pẹ́ lókèèrè. Ẹ lo oògùn amúdènà kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ lò ó títí iye ọjọ́ tí wọ́n pa láṣẹ lẹ́yìn tí ẹ bá padà á fi pé, ẹ sì sùn sábẹ́ àwọ̀n. Mo ti rí ẹni tí kò gbọ́.

Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni èrè wa. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì gbé ibi tí ilẹ̀ kì í mọ́. Agogo mẹ́fà àárọ̀, afẹ́fẹ́ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Ìbejì wọ ṣúẹ́tà, tí àwọn ọmọ kó ara wọn jọ sídìí iná tí ìyá wọn fi ń se ògì. Èmi wà nínú búbá lásán, mo jókòó sí bàráńdà, ara mi ń gbà á. Ọkọ mi gun àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ láìdi ọwọ́ mú. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi sọ̀ ọ́, lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Agogo mẹ́wàá, oòrùn ti fọ́n eruku ká, aṣọ tí a sá ti ń gbẹ gbagidi lórí okùn.

A lọ sí ọjà Kútọ̀ lọ́jọ́ kejì. Àsìkò àgbálùmọ̀ ló wọlé dé yìí, wọ́n kó o jọ sílẹ̀ ní òkìtì òkìtì, pupa rẹ̀ ń tàn láàárín ọsàn àti ìbẹ́pẹ. Ìyá aláàgbálùmọ̀ wò mí, ó wo bàtà mi, ó ní, “Mọ́mì òkè òkun, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ tọ́ ọ wò ná.” Mo tọ́ ọ wò. Ó kan díẹ̀, ó dùn púpọ̀, oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ètè mi. Mo ná an bó ṣe yẹ kí èèyàn nájà, mo sì fún un ní ènì owó tirẹ̀ lẹ́yìn tó fún mi ní ènì àgbálùmọ̀. Mo ra láfún, ewédú, pánla, ata, àti ìrẹsì Ọ̀fàdà tí òórùn rẹ̀ ti dé kí n tó rí i. Láfún lọ́sàn-án lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń kà á mọ ohun tí mò ń wí.

Lọ́jà yẹn ni iye owó nǹkan ti bà mí lẹ́rù, nítorí Bàbá Ìbejì. Láti ọdún 2023 tí náírà ti wálẹ̀, pọ́ùn tí à ń kó bọ̀ ń ra púpọ̀ sí i, owó oṣù ẹni tó ń ṣọ́lé wa sì ń ra díẹ̀ sí i. Mo mọ àwọn kan, ọmọlúwàbí èèyàn nínú ohun gbogbo, tí wọ́n ṣì ń san iye tí wọ́n ń san nígbà náà, tí wọ́n ń fi kọ́ńfíléèkì àti aṣọ àlòkù dí i. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sì ní kò tó. Ẹni tí a fi ilé tó gba gbogbo ọjọ́ ayé wa lé lọ́wọ́, tó ń dí ojú ìṣó, tó ń gbé omi rẹ̀ sínú tánkì wa, báwo la ṣe fẹ́ kó jẹ ohun tó kéré sí èyí? Ní alẹ́, ọkọ mi pè é sí pálọ̀, ó ní kí ó jókòó. Kò fẹ́ jókòó. Ọkọ mi tẹpẹlẹ mọ́ ọn títí ó fi jókòó sí etí àga. A sọ iye tuntun fún un, a sì ní owó iléèwé àwọn ìbejì yàtọ̀ sí i.

“Dádì, ẹ ṣeun. Mọ́mì, Ọlọ́run á máa mú yín lọ, á máa mú yín bọ̀.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Àmọ́, yàrá ọ̀tún yẹn, ẹ ẹ̀ bá jẹ́ kí ẹnì kan wọ ibẹ̀.”

Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ọkọ mi wò mí. Yàrá ọmọ wa ni, a ti ń dá a sí láti ìgbà tí ilé ti parí. Mo fóònù ọmọ náà lọ́jọ́ kejì, mo sì rò pé yóò dùn ún. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó. Tí mo bá wá, màá sùn ní pálọ̀.”

Kápẹ́ńtà ti kó wọ́dúróòbù náà síta, wọ́n dáná sun ún lẹ́yìn ilé. Ẹni tó ń fín oògùn ikán wá, ó lu ihò sí ìdí ògiri káàkiri, ó da oògùn sí i. Bíríkìlà tẹ̀ lé e, ó fi símẹ́ǹtì dí ibi tó sán. A ò ní gbé pákó síbẹ̀ mọ́. Irin ni a fi ṣe ibi ìfaṣọkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ga sókè kí ìgbálẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì tó ń wọ ọkọ̀ méjì kó tó dé Alábàtà láràárọ̀. Ó mú un wá kí wa ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ọmọ Ìsẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ ọ́n gbálẹ̀. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà.” Mo ní kò sí owó ilé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa ṣí fèrèsé láràárọ̀, kó máa ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Sátidé, kó sì pe Bàbá Ìbejì lọ́jọ́ tó bá rí erùpẹ̀ pupa lára ògiri. Ìparí oṣù Kẹta ni a ó padà, nígbà tí wọ́n bá ti sún agogo síwájú ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Mo ti ní kí ó kó wọlé ní oṣù Kejì, kí a jọ gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí a tó lọ.